Tí òkúta ojúsánmà bá já sínú òkun, kí lẹni tó ń gbé létí omi máa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣirò kékeré kan. Tá a bá pín ojú ayé yìí sí ọ̀nà 100, òkun gba nǹkan bíi 71 nínú ẹ̀, torí náà tí ásítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po lókè lọ́hùn-ún, bá máa já sáyé, inú òkun ló ṣeé ṣe jù kó já sí. Ibi tí ìbẹ̀rù ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, torí gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ "òkúta" àti "òkun" pa pọ̀, ìgbì tó ga ju òkè lọ ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, ìgbì tó máa gbé gbogbo ìlú etíkun mì láì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó lè burú gan-an, ó sì lè má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ọwọ́ bí òkúta yẹn ṣe tóbi tó àti bí ibi tó já sí ṣe jìnnà sí yín tó ló wà. Ohun tí mo wá sọ gan-an ni pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ sá fún, omi ló tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì mọ àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn mọ ohun tó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bó ṣe tóbi tó

Tí ìròyìn bá jáde pé òkúta kan ń bọ̀, ẹ má wo àwòrán iná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìròyìn náà, àwòrán lásán ni. Mítà mélòó ló fẹ̀? Òun lẹ máa wá.

Èyí tí ò ju mítà mélòó kan lọ, ẹ padà síbi iṣẹ́ yín. Irú ẹ̀ ń já lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Èyí tí wọ́n pè ní 2014 AA já sórí òkun Àtìláńtíìkì ní oṣù Jánúárì 2014, 2022 EB5 já sítòsí erékùṣù Jan Mayen ní oṣù Máàṣì 2022, 2024 RW1 sì gbiná lójú ọ̀run lápá erékùṣù Luzon ní Philippines ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2024, àwọn tó ń ṣọ́ ojúsánmà ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, kò sì sí etíkun kankan tó mọ̀ ọ́n lára. Ìmọ́lẹ̀ tó tàn yòò, ó tán.

Tó bá tó mítà 10 sí 20, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà díẹ̀, àmọ́ òkè ló ti máa bú, omi ò ní ṣe nǹkan kan tó tó nǹkan. Ní December 18, 2018, ọ̀kan bú gbàmù lókè òkun Bering, nǹkan bíi kìlómítà 25 sókè, agbára tó tú jáde tó kìlótọ́ọ̀nù 173, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́wàá bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima lọ o, síbẹ̀ kò sí sùnámì, ìyẹn ìgbì ńlá tó máa ń ya wọ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó fara pa, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀ àfìgbà tó di oṣù Máàṣì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá fi wé ti Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà ní February 15, 2013, òun fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20, àmọ́ ó bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá, àwọn tó fara pa tó nǹkan bíi 1,500, gíláàsì fèrèsé ló sì ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ wọn léṣe. Ìlú etíkun tí irú ẹ̀ bá bú lójú omi rẹ̀, gíláàsì náà ni wàhálà wọn, kì í ṣe ìgbì.

Mítà 50 sí 100, ẹ rántí Tunguska ní Siberia ní June 30, 1908, tí ìbúgbàù òkè lásán wó igi inú igbó tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 2,000 níbùú lóròó. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lókè omi tó sún mọ́ ìlú, ilé máa wó. Látorí mítà 140 lọ sókè, òkúta náà lè dé ojú omi kó sì gbẹ́ kòtò ńlá sínú òkun fúngbà díẹ̀, etíkun tó bá wà nítòsí wà nínú ewu pátápátá. Tó bá wá di kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó máa ní tòun ò sí níbẹ̀, yálà ó ń gbé létí omi ni o tàbí láàárín aṣálẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka nọ́ńbà tí wọ́n ń pariwo ẹ̀

Èyí tó da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú jù ni ti 2024 YR4. Wọ́n rí i ní December 27, 2024, òkúta tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 60, wọ́n ní ó lè kọlu ayé ní December 22, 2032, ìlà ibi tó lè já sí sì gba orí òkun Pàsífíìkì, Àtìláńtíìkì àti òkun Arébíà kọjá pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Ìdá tó kéré sí 1 nínú 100 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí tó fi dé 3.1 ní February 18, 2025, àwọn èèyàn ti ń dágbére fún ara wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó já wálẹ̀ débi tó fi kéré ju ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, wọ́n sì yọ ayé kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́ o. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkúta, ibi tó ṣeé ṣe kó wà lọ́jọ́ náà fẹ̀ gan-an, ayé wà nínú ẹ̀ bí ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó sí i ni ibi yẹn ń kéré sí i, tí ayé bá sì ṣì wà nínú ibi tó kù, ìdá tiẹ̀ máa pọ̀ sí i dandan, àfìgbà tí ayé bá bọ́ síta, ó di òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà tó ń gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣe sùúrù, ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan. Ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní Sentry, tó jẹ́ ti CNEOS, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ irú òkúta yìí lábẹ́ NASA, àjọ ojúsánmà Amẹ́ríkà, ni kẹ́ ẹ máa wò, ti àjọ ojúsánmà Yúróòpù, ESA, náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ìwọ̀n Torino tí wọ́n máa ń dárúkọ, tó ń sọ bí ewu òkúta kan ṣe pọ̀ tó, látorí 0 dé 10 ni, 2024 YR4 dé 3, òkúta míì tó ń jẹ́ Apophis ló tíì gòkè jù, ó dé 4 lọ́dún 2004, òun náà ti padà sí 0. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ 7 tàbí 8 lórí WhatsApp, ẹ ní kó fi ibi tó ti kà á hàn yín.

Kí ló dé tí ìgbì òkúta ò fi dà bí sùnámì tá a mọ̀?

Ẹ bu omi sínú bàsíà, ẹ ju òkúta kékeré kan sí i, ẹ máa rí i tí omi ń ṣe róbótó róbótó, tó ń fẹ̀ lọ, kó tó dé etí bàsíà ó ti rọ̀. Ẹ wá fọwọ́ gbé etí bàsíà yẹn sókè lójijì, gbogbo omi inú ẹ̀ ló máa rọ́ lọ sódì kejì. Èyí kejì yìí ni ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń ṣe. Ní December 26, 2004, ìsàlẹ̀ òkun sún ní Íńdónéṣíà lórí ìlà tó gùn ju kìlómítà 1,000 lọ, gbogbo omi tó wà lórí ẹ̀ látòkè délẹ̀ ló gbéra, ìdí nìyẹn tí agbára ẹ̀ fi rin ìrìn-àjò la òkun kọjá láì rẹ̀ ẹ́, ó sì pa èèyàn tó ju 220,000 lọ ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀. Òkúta ojúsánmà, ojú ibì kan ṣoṣo ló máa gbá, ìgbì tó máa gbé jáde kúrú, wọ́n máa ń tú ká bí wọ́n ṣe ń lọ, agbára wọn á sì máa dín kù kíákíá.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń dín in kù. Láwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tí wọ́n ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì nínú òkun, William Van Dorn, onímọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà, rí i pé irú ìgbì kúkúrú báyìí máa ń fọ́ lọ́nà jíjìn, níbi tí òkun ti kọ́kọ́ ń di aláìjìn, kó tó dé èbúté. Nígbà tó yá, Galen Gisler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣe ìṣirò òkúta tó já sínú omi jíjìn, àbájáde wọn ò yàtọ̀: ìgbì náà máa ń burú gan-an nítòsí, àmọ́ kì í rìn jìnnà bíi ti ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ ò rí Eltanin, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 2.5 sẹ́yìn, òkúta tó fẹ̀ tó kìlómítà kan ó kéré tán já sínú gúúsù òkun Pàsífíìkì, níbi tí omi ti jìn tó kìlómítà 4 tàbí 5, tí Chile jìnnà sí i tó nǹkan bíi kìlómítà 1,500, wọ́n wá gbogbo ìsàlẹ̀ òkun yẹn, wọn ò rí kòtò kankan, omi ló gba gbogbo ìyà ẹ̀ jẹ. Ẹ má mú àpẹẹrẹ Chicxulub wá bá mi, èyí tó já ní Mẹ́síkò ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn tó pa àwọn dáínásọ̀ run, ìyẹn fẹ̀ ju kìlómítà 10 lọ, ìṣirò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 ní ìgbì tó ru sókè níbẹ̀ ga tó kìlómítà kan ààbọ̀. Kò sí ìmọ̀ràn tí mo lè fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé gbogbo èyí ni pé ó kan bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe ìpinnu. Tí òkúta mítà 100 bá já sínú omi jíjìn ní kìlómítà 1,500 sí yín, ìgbì tó máa dé ọ̀dọ̀ yín ò tó ohun tí ẹ máa kó ẹrù torí ẹ̀, àmọ́ ẹ jìnnà sí bèbè omi lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ kìlómítà 20 tàbí 50, ẹ gbàgbé gbogbo àlàyé Van Dorn, ìgbì náà ò tíì rí àyè rọ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì Southampton ṣe ìṣirò ẹ̀ lọ́dún 2017, wọ́n ní òkúta tó bá já sórí ilẹ̀ léwu tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí tó já sínú òkun, wọ́n sì ní afẹ́fẹ́ àti ìbúgbàù ló máa pa èyí tó ju ìdá 60 lọ nínú 100 àwọn tó máa kú. Ẹ tún kà á: afẹ́fẹ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an: ìmọ́lẹ̀, ariwo, omi

Bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra nìyẹn, wọn kì í sì ṣàṣìṣe tò, torí ìmọ́lẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀, ariwo ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1,200 ní wákàtí kan, ìgbì omi ò sì lè ju nǹkan bíi kìlómítà 700 lọ ní wákàtí kan níbi tí òkun ti jìn tó mítà 4,000, tó bá dé ibi tó jẹ́ mítà 50 péré, ó ti di nǹkan bíi 80. Afẹ́fẹ́ á ti lù yín kí omi tó dé. Nítorí náà ẹni tó rí ìmọ́lẹ̀ tó sáré jáde síta kó lè tètè dé orí òkè, ìta gbangba ni ìbúgbàù máa bá a. Ẹ kọ́kọ́ fara pa mọ́, ẹ wá sá.

Tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ju oòrùn lọ, ẹ gbójú kúrò, ẹ má yọ fóònù. Ní Chelyabinsk, èyí gan-an ló kó bá àwọn èèyàn: ìmọ́lẹ̀ kọjá, gbogbo wọn bọ́ síbi fèrèsé, wọ́n ń wo èéfín funfun tó gùn lójú ọ̀run, wọ́n ń ya fídíò, ó lé ní ìṣẹ́jú kan dáadáa tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, àfi gbòlà! gíláàsì ti wà lójú wọn. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, obìnrin náà ò mọ ohun tó tàn lójú ọ̀run, ó kàn fura ni, òun fúnra ẹ̀ dúró lórí ìnàró, gíláàsì gé e lápá gidi, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó fara pa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nítorí náà: ẹ kúrò nídìí gíláàsì, ẹ wọ àárín ilé, kọ̀rídọ̀ tàbí bálùwẹ̀ tí ò ní fèrèsé ńlá dáa, ẹ dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ògiri tó lágbára tàbí lábẹ́ tábìlì, ẹ fọwọ́ bo ọrùn àti orí. Tó bá jẹ́ ìta lẹ wà, kòtò tàbí ẹ̀yìn fẹ́ńsì ni, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Tí ọkàn yín bá balẹ̀ débẹ̀, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá látìgbà tí ìmọ́lẹ̀ tàn, mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kan, tẹ́ ẹ bá ka 90 kí ariwo tó dé, ó jìnnà tó kìlómítà 30. Ariwo náà lè ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fò dìde lẹ́yìn àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ó ti jìn ju kìlómítà 100 lọ nìyẹn, ẹ bọ́ sí apá kejì, ìyẹn sísá fún omi.

Bàtà ni nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wá. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré àmọ́ gbogbo ilẹ̀ máa kún fún gíláàsì, ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán jáde ò ní rìn tó ogún ìṣísẹ̀, ẹni tí ò lè rìn ò sì lè sá fún omi. Èmi o, tí mo bá ń gbé létí òkun, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bàtà tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ líle máa wà fún tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Sísá fún omi

Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí sùnámì tí wọ́n ti kọ́ yín tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ ni pé tí ilẹ̀ bá mì gan-an létíkun, kẹ́ ẹ máa lọ sókè, àwọn tó ń kìlọ̀ fún aráàlú náà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Tó bá jẹ́ òkúta ló já sínú òkun, ilẹ̀ lè má mì rárá lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ má dúró de pé kó mì. Òkun lè kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó sì fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ gbẹrẹfu, ó sì lè má fà sẹ́yìn, kó kàn máa ga bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ lójú òkun pẹ̀lú ariwo ńlá, ìyẹn ti tó àmì.

Gíga ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe jíjìnnà nìkan. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń sọ fún sùnámì ni mítà 30 sókè ju ojú òkun lọ tàbí kìlómítà 3 sínú ilẹ̀. Tí ibẹ̀ bá tẹ́jú pẹrẹsẹ tí kò sí òkè kankan nítòsí, ilé alájà tí wọ́n fi kọnkéré àti irin kọ́ dáadáa ni, àjà kẹta sókè, àmọ́ ẹ wò ó bóyá ìbúgbàù yẹn ti là á kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ fẹsẹ̀ rìn tó bá ṣeé ṣe, torí tí gbogbo ìlú bá wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni omi máa ká yín mọ́. Ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ odò tàbí ọ̀sà, omi òkun máa ń gba ibẹ̀ wọlé jìnnà ju bó ṣe ń gba orí ilẹ̀ lọ, àwọn tó rò pé àwọn ti kúrò létí òkun ló máa ń bá níbẹ̀.

Erékùṣù Simeulue ní Íńdónéṣíà sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì lọ́dún 2004 gan-an, nǹkan bíi 78,000 èèyàn ló ń gbé níbẹ̀, èèyàn 7 péré ló kú. Wọn ò ní fèrè ìkìlọ̀. Ohun tí wọ́n ní ni ìtàn sùnámì ọdún 1907 tí àwọn àgbà ń sọ fọ́mọ, tí wọ́n ń kọ lórin, wọ́n ń pe omi náà ní smong, tí ẹnì kan bá ti kígbe ẹ̀, gbogbo wọn ti gbọ́nà òkè, kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ léèrè. Ní Kamaishi ní Japan lọ́dún 2011, àwọn ọmọ girama fa àwọn ọmọ pámárì lọ́wọ́, wọ́n jọ sá dé ibi tí wọ́n ti ṣètò tẹ́lẹ̀, wọ́n débẹ̀ wọ́n rí i pé kò ga tó, wọ́n tún gbéra lọ síbi tó ga jù ú lọ. Ẹ̀yin náà ẹ fi èyí sọ́kàn, ibi tí ìjọba kọ sórí pátákó pé kẹ́ ẹ sá dé, ìṣirò èèyàn ló wà nídìí ẹ̀, tí omi bá ń bọ̀ tí ó sì ṣì láyè lókè, ẹ gòkè sí i.

Wàyí o, ẹ má padà. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa àwọn ará Hilo ní Hawaii ní May 23, 1960. Ilẹ̀ ti mì ní Chile lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìgbì gba nǹkan bíi wákàtí 15 kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, fèrè ìkìlọ̀ ti dún látalẹ́, ìgbì àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, kò pọ̀, àwọn kan ní ó ti parí, àwọn mìíràn tiẹ̀ wá sétí omi láti wá wò ó. Ní nǹkan bí aago kan òru, ìgbì tó ga bí ògiri wọlé, èèyàn 61 ló kú. Òkúta ojúsánmà máa ń gbé ọ̀wọ́ ìgbì jáde ni, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ìkejì, àkọ́kọ́ sì lè má jẹ́ èyí tó tóbi jù, torí náà ẹ jókòó sórí òkè yín fún wákàtí púpọ̀, títí tí àwọn aláṣẹ fi máa sọ pé ó ti tán. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ tún lè ti òkun. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Hunga Tonga bú ní January 15, 2022, ìjì ìbúgbàù ẹ̀ yí ayé po, ó ń gbá omi lọ bó ṣe ń kọjá, omi ga sí i láwọn èbúté tí ẹnikẹ́ni ò retí ẹ̀, ní Peru, tó jìnnà ju kìlómítà 10,000 lọ, obìnrin méjì rì sómi. Òkúta tó bú lókè òkun lè ṣe irú ẹ̀ lọ́nà tó kéré, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ lẹ́ẹ̀kan pé kẹ́ ẹ jìnnà sí bèbè omi bó tiẹ̀ jìnnà réré.

Ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi, ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ tètè wa ọkọ̀ jáde lọ sómi jíjìn. Fún sùnámì tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó dáa. Fún òkúta tó já nítòsí, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, torí ẹ ò ní ráyè, àti pé ibi tí àwọn ìgbì kúkúrú yẹn ti ń fọ́ gan-an lẹ máa gbà kọjá. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ sá. Tó bá jẹ́ ojú òkun lẹ ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ dúró sómi jíjìn, ẹ má sáré padà wá sí èbúté.

Tí àkókò bá wà

Tí wọ́n bá rí i ní ọdún ṣáájú, ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ní September 26, 2022, NASA fi ọkọ̀ ojúsánmà DART gbá òkúta kan tó ń jẹ́ Dimorphos, ìrìn tó ń fi nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 rìn yí ẹnìkejì ẹ̀ po dín kù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 32, wọ́n fi hàn pé èèyàn lè ti òkúta kúrò lójú ọ̀nà. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé DART náà lorúkọ àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó lójú òkun tó ń ṣọ́ sùnámì, méjèèjì ò mọ ara wọn rí.) Èyí tí ń bà mí lẹ́rù ni àwọn alábọ́ọ́dé: èyí tó ju kìlómítà kan lọ, wọ́n ti rí nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 wọn, àmọ́ nínú àwọn tó tó mítà 140 sókè, wọn ò tíì rí ìdajì.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan ló kù, ẹ kúrò níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n míì. Ẹ tètè kó àwọn tí ò lè rìn, àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn, olóyún, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, omi mímu, rédíò tó ń lo bátìrì, ìwé ẹ̀rí nínú náílọ́ọ̀nù tí omi ò lè wọ̀, ìyẹn ti tó fún báàgì kan. Ẹ ti ẹ̀rọ gáàsì, ẹ pa iná ilé. Tí kò bá wá sí ọ̀nà láti kúrò, ẹ fa kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé, kẹ́ ẹ sì ti bẹ́ẹ̀dì kúrò nídìí fèrèsé. Ẹ rin ọ̀nà òkè yín lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ láì lo iná, pẹ̀lú ọmọ tó kéré jù nínú ilé, ẹ máa mọ iye ìṣẹ́jú tó ń gbà yín gan-an, ó sábà máa ń ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ.

Nígbà tí omi bá ti padà

Kànga tí omi òkun wọ̀, ẹ má mu ún, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ sè é iyọ̀ ò ní kúrò. Wáyà iná tó já sínú omi ṣì lè ní iná. Ilé tí ìbúgbàù ti mì tí omi tún wá gbá, ó lè wó lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ má sùn nínú ẹ̀ torí pé ó ṣì dúró.

Tí òkúta náà bá tó kìlómítà kan, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ronú kàn. Omi àti iyọ̀ òkun tó máa fò lọ sókè máa ba ósóònù jẹ́, ìyẹn ohun tó ń ṣẹ́ oòrùn kù fún wa. Elisabetta Pierazzo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ìṣirò yẹn lọ́dún 2010, wọ́n ní ìwọ̀n ìtànṣán UV lè kọjá 20 níbi tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ 11 sókè ni wọ́n ti ń pè ní èyí tó burú jù. Ẹni tó ń ṣa nǹkan létíkun nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ara ẹ̀ á bó. Ẹ ṣiṣẹ́ ní kùtù àti ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ aṣọ tó bo apá bo ẹsẹ̀, ẹ dé fìlà tó fẹ̀, ẹ sì dá ààbò bo ojú.

Ó ku ti Apophis, torí mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ ọ títí etí yín á fi kún. Ní April 13, 2029, òkúta náà, tó fẹ̀ ju mítà 300 lọ, máa kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 32,000 sí ojú ilẹ̀, ó sún mọ́ wa ju àwọn sátẹ́láìtì kan lọ, wọ́n ti ṣe ìṣirò ẹ̀ tán, kò ní já sínú òkun kankan. Àwọn kan máa fi fóísì nóòtì ránṣẹ́ pé kí ará etíkun kó kúrò. Ẹ má kó lọ síbì kankan o, ẹ jáde síta lálẹ́ ọjọ́ náà tí ojú ọ̀run bá mọ́, ní Áfíríkà àti Yúróòpù ojú lásán lẹ máa fi rí i, á dà bí ìràwọ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀.